Ilé alájà 9 tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí àdúgbò wa ní Sùúrùlérè: ṣé lóòótọ́ ni gósiló ò ní pọ̀ sí i?

Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa ní Sùúrùlérè, ọ̀nà tiwa já sí Ogunlana Drive. Wọ́n ra ilé àtijọ́ mẹ́ta tó tò síra wọn, wọ́n fẹ́ wó wọn, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé alájà 9 síbẹ̀. Súpámákẹ́ẹ̀tì àti ṣọ́ọ̀bù máa wà nísàlẹ̀, ọ́fíìsì láàárín, fúláàtì 40 lókè, gbọ̀ngàn àríyá tó gba èèyàn 600 á wá wà lókè pátápátá. Páàkì mọ́tò 70. Wọ́n fún wa ní ìwé tí kọ́ńsọ́tánt wọn kọ, ó ní láàárọ̀, aago 7 sí 8, mọ́tò 58 péré ni ilé yẹn máa fi kún ọ̀nà, pé ìyẹn ò tó nǹkan. Wọ́n ní ká fọwọ́ sí lẹ́tà pé a ò ta kò ó kí oṣù yìí tó parí. Ìdajì àwọn lándílọ́ọ̀dù fẹ́ fọwọ́ sí i, ìdajì ní àwọn á dùbúlẹ̀ síwájú katapílà. Ẹni tó bá mọ̀ nípa irú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí la máa wò nínú ẹ̀?

* * *

Akọ̀wé, ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan ná, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dùbúlẹ̀ síwájú katapílà.

Mo ti ka gbogbo ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìbéèrè yín láti àárọ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ wọn pín sí. Àwọn kan ní ilé ńlá ló ń fa gósiló, ilé ńlá sì ni èyí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwọn kan ní rárá o, tí èèyàn bá ń gbé ibì kan, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó tún ń ra ọjà níbẹ̀, kí ló fẹ́ gbé mọ́tò jáde fún. Àwọn tó kù ní kí ìjọba ṣáà fẹ ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká gbé ti fífẹ ọ̀nà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ọ̀nà tí ilé wà lọ́tùn-ún tí ilé wà lósì, tí gọ́tà tún gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ilé ta la fẹ́ wó? Òótọ́ wà nínú méjì àkọ́kọ́, àmọ́ kò sí èyí tó dáhùn ìbéèrè yín nínú wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò ni wákàtí àti ẹnu géètì. Aago 7 sí 8 àárọ̀ ni ìwé yẹn ń sọ. Ṣé aago 7 sí 8 àárọ̀ ni gbọ̀ngàn àríyá máa ń kún? Ilé tẹ́ ẹ ka ohun inú ẹ̀ sílẹ̀ yìí, ilé mẹ́rin ló wà nínú ẹyọ kan, kálukú ló sì ní wákàtí tiẹ̀. Fúláàtì ń tú jáde láàárọ̀, ọ́fíìsì ń wọlé láàárọ̀ kan náà, súpámákẹ́ẹ̀tì ń gbóná láti aago 4 ìrọ̀lẹ́, gbọ̀ngàn ń kún lọ́sàn-án Sátidé. Wọ́n wá mú wákàtí kan nínú gbogbo ẹ̀, èyí tó rọrùn fún wọn jù, wọ́n ní òun ni kẹ́ ẹ fi dájọ́.

* * *

Ẹnì kan bi mí pé ṣé ẹnjiníà ni mí. Rárá o. Lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán ni mo bá àwọn kọ́ńsọ́tánt kan ka mọ́tò fún nǹkan bí ọdún méjì, ibẹ̀ ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ìwé yìí.

Wọ́n á fún ẹ ní àga oníke, agboòrùn, bébà tí wọ́n ti fa ìlà sí, àti nǹkan kékeré onírin kan tó wọ inú àtẹ́lẹwọ́, wàá máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á máa ka 1, 2, 3 lọ. Láti aago 6:30 wàá ti wà ní oríta, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n yàn fún ẹ ni wàá máa wò. Èyí tó yà sọ́tùn-ún lọ́tọ̀, èyí tó yà sósì lọ́tọ̀, èyí tó lọ tààrà lọ́tọ̀, káà lọ́tọ̀, dáńfó lọ́tọ̀, kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀, lọ́rì lọ́tọ̀. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 wàá kọ iye tó wà lọ́wọ́ ẹ sílẹ̀, wàá tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Òjò ti rọ̀ láti òru mọ́jú, omi gọ́tà ti bo ojú títì, dáńfó kan wá kú sí àárín oríta. Mọ́tò ò rìn rárá. Mo ń wo àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n bọ́ bàtà sọ́wọ́, tí wọ́n ń gba àárín mọ́tò kọjá nínú omi. Nígbà tí mo máa wo bébà mi, láàárín 7:15 sí 7:30, mọ́tò 41 ló wà níbẹ̀. Ní àkókò yẹn kan náà lọ́jọ́ tó ṣáájú, 117 ni mo kọ. Ọ̀gá wa gba bébà, ó tẹ 41 sínú kọ̀ǹpútà, bó ṣe di pé ọjọ́ tó burú jù ló wá dà bí ọjọ́ tí ọ̀nà fúyẹ́ jù nínú ìwé nìyẹn. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó ní ohun tí bébà bá sọ ni òun máa kọ.

Ṣé ẹ rí i? Mọ́tò tó kọjá la máa ń kà. A kì í ka èyí tó fẹ́ kọjá tí kò ráyè. Tí gósiló bá wá le gan-an, iye tó ń kọjá á lọ sílẹ̀, ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì tó ń wo iye yẹn á ní ọ̀nà dáa. Torí náà ìwé tó bá kọ iye mọ́tò nìkan, tí ò kọ bí ìlà ṣe gùn tó lẹ́yìn iná tó ń darí mọ́tò ní oríta, tí ò kọ ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi ń dúró, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Akọ̀wé, ẹ lọ wo inú ìwé yẹn bóyá wọ́n kọ gígùn ìlà síbẹ̀.

* * *

Ọ̀gá tó kọ ọ́ pé "mọ́tò 58 ní wákàtí kan, ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn, ariwo kí lẹ ń pa", mo bọ̀wọ̀ fún yín sà, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kà á pa pọ̀.

Ìlà mọ́tò kan níwájú iná, tí iná bá ti di gíríìnì, mọ́tò kan ń kọjá ní bí ìṣẹ́jú àáyá 2. Tí gíríìnì tiyín bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 30 nínú 120, mọ́tò 15 ló máa kọjá lẹ́ẹ̀kan. Iná á yí po nígbà 30 ní wákàtí kan. 15 lọ́nà 30, 450. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ṣe é, 450 lòpin ẹ̀. Akọ̀wé sì sọ nínú èsì ẹ̀ pé 430 ni ìwé yẹn kọ fún ọ̀nà wọn bó ṣe wà báyìí. Ká ní 40 nínú 58 máa gba ibi iná yẹn, ó ti di 470. Nígbà tí aago bá lu 8, mọ́tò 20 ṣì wà lórí ìlà tí ò tíì kọjá. Mọ́tò kan àti àlàfo iwájú ẹ̀ ń gba bíi mítà 6, 20 á gba mítà 120. Akọ̀wé tún sọ pé láti ibi iná sí géètì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn ò tó mítà 100. Ìlà ti bo géètì ilé ìwé mọ́lẹ̀ nìyẹn. Òbí tó fẹ́ já ọmọ sílẹ̀ á dúró sí àárín títì, èyí tó ń bọ̀ lódìkejì á há, kẹ̀kẹ́ á gba orí pèpéle gọ́tà, ibi táwọn ọmọ ń gbà rìn gan-an.

Ọ̀nà tó ṣì ní àyè mọ́tò 200 ò ní mọ̀ pé 58 dé. Ọ̀nà tó ṣẹ́ kù 20 á mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Torí náà mọ́tò 58 yẹn ò lè dá sọ nǹkan kan fún wa, àfi ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè tó kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ò sì fẹ́ rí ilé yẹn sójú, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí náà. Láàárọ̀ tí dáńfó àti kọ̀rópè bá ń gbé èrò nítòsí iná, tó fi jẹ́ pé mọ́tò 12 ló ń ráyè kọjá dípò 15, ọ̀nà yín ti pàdánù 90 ní wákàtí kan. 90 ju 58 lọ. Bọ́sítọ́ọ̀pù tí wọn ò fi síbi tó yẹ ń dá yín lóró láàárọ̀ ju ilé alájà 9 lọ, ó sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ẹnikẹ́ni ò pe mítìn lé e lórí. Nígbà tẹ́ ẹ bá bá wọn jókòó, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ̀ǹda lára ilẹ̀ tiwọn, kí wọ́n ṣe àyè sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí kọ̀rópè 3 lè wọ̀ sí, jìnnà sí iná. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan lára owó tí wọ́n fẹ́ fi kọ́lé.

* * *

Bọ̀dá tó ń gbé Houston kọ̀wé gígùn, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n fara balẹ̀ ṣàlàyé. Wọ́n ní ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ẹnjiníà ìrìnnà tí wọ́n ń pè ní ITE ní ìwé ńlá kan tó sọ iye mọ́tò tí irú ilé kọ̀ọ̀kan ń fà wá, àti pé tí ilé bá ní fúláàtì, ọ́fíìsì àti ọjà pọ̀, wọ́n máa ń yọ díẹ̀ kúrò torí àwọn èèyàn á máa fẹsẹ̀ rìn láti ibì kan sí ìkejì nínú ọgbà kan náà. Kọ́ńsọ́tánt àwọn tó fẹ́ kọ́lé yìí náà yọ ìdá 30 nínú 100 kúrò lórí ìdí yẹn, akọ̀wé ló fi fọ́tò ojú ewé ẹ̀ hàn wá.

Mi ò sọ pé irọ́ ni. Ìyá tó ń gbé òkè tó fẹ́ ra búrẹ́dì ò ní gbé mọ́tò, á bọ́ sísàlẹ̀ ni. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé ta ló máa ṣiṣẹ́ ní súpámákẹ́ẹ̀tì yẹn? Ọmọbìnrin tó ń jókòó nídìí owó, ọmọkùnrin tó ń to ọjà, sẹ́kúríìtì, àwọn tó ń nu ilẹ̀, ṣé àwọn ló máa lè san owó fúláàtì tuntun ní Sùúrùlérè? Ìkòròdú, Àgbádó, Ìyànà Ìpájà ni wọ́n á ti máa wọkọ̀ wá láràárọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bá sì lówó fúláàtì yẹn, Erékùṣù ni wọ́n máa ti ṣiṣẹ́, àwọn náà á jáde. Ìdá 30 tí wọ́n yọ yẹn, ilé wo ní Èkó ni wọ́n ti kà á? Tí wọ́n bá lè mú ilé kan tó jọ ọ́, ní Ìkẹjà àbí ní Yàbá, kí wọ́n lọ jókòó sí géètì ẹ̀ fún ọjọ́ 3 kí wọ́n ka tọwọlé-tọjáde, mo máa gba iye tí wọ́n bá mú wá bó bá tiẹ̀ jẹ́ 50.

Ìṣòro tí mo ní pẹ̀lú ìwé Amẹ́ríkà yẹn ni pé mọ́tò ni wọ́n fi ń ronú jù. Èrò tó bọ́ọ́lẹ̀ nínú kọ̀rópè ò sí níbẹ̀. Ní tiwa, oníbàárà tó pọ̀ jù ni kò ní gbé mọ́tò wá, èyí á jẹ́ kí iye káà kéré lóòótọ́, àmọ́ kọ̀rópè tó gbé e wá máa dúró síwájú géètì, kẹ̀kẹ́ á dúró sẹ́yìn kọ̀rópè, dispatch á gbé bíkì sórí ìgbátí títì. Dídúró yẹn ló ń pa ọ̀nà wa. Tí wọ́n bá sì lo kíkà àtijọ́, ẹ tún wo déètì ẹ̀ dáadáa, torí láti June 1, 2022 tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Sùúrùlérè àti ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún mìíràn, bí èèyàn ṣe ń rìn níbẹ̀ ti yí padà. Kíkà tó bá ṣáájú ìgbà yẹn, ìlú mìíràn ló ń sọ.

Bọ̀dá tún ní California ṣòfin ní 2013 pé kí wọ́n má fi ìdádúró mọ́tò díwọ̀n ilé tuntun mọ́, iye máìlì táwọn èèyàn á máa wa ni kí wọ́n máa wò, ó sì di dandan káàkiri ibẹ̀ láti July 2020. Mo fẹ́ràn ìrònú yẹn. Àmọ́ lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ìdádúró ń pa lára jù ni ẹni tó wà nínú dáńfó, kì í ṣe ẹni tó wà nínú jíìpù. Tí a bá yọ ìdádúró kúrò nínú òṣùwọ̀n, òun la gbàgbé.

* * *

Àǹtí tó wà ní Peckham: ẹ ní ní London wọ́n máa ń kọ́ fúláàtì láìsí páàkì rárá, ẹni tó bá kó síbẹ̀ ò sì ní rí ìwé àṣẹ gbé mọ́tò sí ojú títì, kí ló dé tá ò lè ṣe é. A lè ṣe é níbi tí bọ́ọ̀sì àti rélùwéè bá wà, tí ẹnì kan sì máa gbé mọ́tò tí wọ́n bá gbé sí ojú títì kúrò. Sùúrùlérè ò jìnnà sí méjèèjì. BRT ti ń gba Western Avenue láti 2008, Blue Line ti ń gbé èrò láti September 2023, ó sì ń dúró ní National Theatre àti Iganmu. Ẹni tó bá ń gbé etí Western Avenue lè gbé ayé ẹ̀ láìní mọ́tò. Àdúgbò akọ̀wé wà nínú lọ́hùn-ún, kẹ̀kẹ́ ló máa gbé wọn dé ibẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ páàkì, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n ra ilẹ̀ sétí Western Avenue.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sórí gbọ̀ngàn àríyá, torí mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń gba ọ̀nà California àti London lọ, Sátidé ni ìjà wa wà.

Èèyàn 600. Ká ní èèyàn 3 ló wà nínú mọ́tò kọ̀ọ̀kan, mọ́tò 200. Páàkì 70. Ọ̀sán Sátidé ni, àwọn tó ń gbé fúláàtì 40 wà nílé, ká fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní mọ́tò kan ṣoṣo, páàkì ti ku 30. Mi ò tíì ka ẹni tó wá ra ọjà o. Sẹ́kúríìtì á ní kẹ́ ẹ ṣí bùtù, á yọjú wo abẹ́ mọ́tò, á fún yín ní káàdì, ìṣẹ́jú àáyá 30 nìyẹn tí kò bá sí wàhálà. Mọ́tò 120 ni géètì kan lè gbà wọlé ní wákàtí kan. Àyè 30 tó kù yẹn á kún láàárín ìṣẹ́jú 15. Ẹ wá sọ fún mi, 170 tó kù, ibo ni wọ́n ń lọ? Tí wọ́n bá tò wọ́n sétí títì lọ́kọ̀ọ̀kan, mítà 6 lọ́nà 170, ó ju kìlómítà kan lọ. Ọ̀nà yín ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n á yà wọ àwọn ọ̀nà tóóró, wọ́n á gbé e síwájú géètì onígéètì.

Àti pé páàkì mọ́tò 200 gangan, tẹ́ ẹ bá ka ibi tí mọ́tò kan máa dúró sí àti ọ̀nà tó máa gbà yí, nǹkan bíi sukuéà mítà 25 fún ìkọ̀ọ̀kan, ẹ máa nílò 5,000. Plọ́ọ̀tù 60 sí 120 tí gbogbo wa mọ̀ ò tó 700. Ó ju plọ́ọ̀tù 7 lọ. Mẹ́ta ni wọ́n rà.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ìyá àgbà wa, ẹ̀gbọ́n màmá mi, ń gbé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kan ní ìlú yìí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan ìfúnpá wọn lọ sókè, ojú wọn ń ṣú, ọmọ wọn ní kí àwọn gbé wọn lọ sí ọsibítù. Wọ́n ṣí géètì, jíìpù dúdú kan dábùú ẹ̀, òmíràn tún wà lẹ́yìn ẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo sáré wọ inú gbọ̀ngàn lọ. Aṣọ ẹbí aláwọ̀ ewé kún ibẹ̀ fọ́fọ́, onílù ń lù, mo kọ nọ́ḿbà jíìpù méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo gbé e sójú MC. Ó pè é. Ó tún pè é. Àwọn èèyàn ń náwó fún ìyàwó, ta ló fẹ́ gbọ́ nọ́ḿbà mọ́tò? Nígbà tí ẹni tó ni jíìpù àkọ́kọ́ máa jáde, ó ti tó ogójì ìṣẹ́jú. A gbé ìyá àgbà jókòó sórí àga oníke lẹ́nu géètì, à ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn, ẹni tó wà pẹ̀lú wa ń ka àdúrà sí wọn létí. Wọ́n yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá rí ìwé tó ka mọ́tò ọjọ́ Tuesday fún ilé tó ní gbọ̀ngàn, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Èrò tèmi rèé: kí wọ́n kọ́ fúláàtì, kí wọ́n kọ́ ọ́fíìsì, kí wọ́n kọ́ súpámákẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n yọ gbọ̀ngàn yẹn kúrò.

* * *

Àwọn kan bínú sí mi pé mo ń dí ìlọsíwájú lọ́wọ́, pé owó ilé á gòkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ohun tí mo kọ kà. Èkó nílò ilé, mo sì mọ àwọn tó ti ń wá fúláàtì láti ọdún tó kọjá. Sùúrùlérè gan-an alára, ètò ìjọba ló bí i: láti 1955 ni LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún Èkó ṣe nígbà yẹn, ti ń kó àwọn tí wọ́n wó ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó wá síbẹ̀. Ilé kékeré ni wọ́n kọ́, títì kékeré ni wọ́n là sí i, torí ìgbà yẹn mélòó lẹni tó ní mọ́tò? Títì ọjọ́ yẹn náà lẹ ṣì ń gbà. Ilé lè fò láti àjà kan sí mẹ́sàn-án láàárín ọdún méjì, títì ò lè fò bẹ́ẹ̀. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ yan ohun tó máa wọ inú ilé náà.

* * *

Akọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ojú ewé mìíràn ránṣẹ́: ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù August ni wọ́n ka mọ́tò.

August! Ilé ìwé wà ní họ́lídè. Ọ̀nà tí ilé ìwé wà lójú ẹ̀, wọ́n lọ kà á nígbà tí kò sí ọmọ ilé ìwé kankan, 430 yẹn sì ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ìṣirò tó kù. Tí ilé ìwé bá wọlé, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà yín ti kọjá 450 pàápàá, kí ìlà ti máa gùn kí ẹnikẹ́ni tó gbé bíríkì kan. Mo ti rí irú ẹ̀ rí. Àwọn kan wà tó jẹ́ June 2023 ni wọ́n kà, lẹ́yìn tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní May 29, tí epo fò láti abẹ́ 200 náírà lọ sí nǹkan bíi 500, tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbé mọ́tò wọn sílẹ̀ sílé. Wọ́n kà á, ọ̀nà fúyẹ́, wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n ka ilé méjì tó ń lọ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà kan náà, àwọn tẹ́ ẹ ní wọ́n ti ń da pílà. Kálukú á máa wá pẹ̀lú 58 tiẹ̀, kálukú á ní tòun ò tó nǹkan.

* * *

Ẹni tó ní "ẹ máa rò títí, owó ti wọlé, wọ́n á kọ́ ọ": ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i tó rí bẹ́ẹ̀. Mo sì ti rí ibi tí ìwé ojú ewé 3 tó ní iye nínú jẹ́ kí wọ́n yí ẹnu géètì padà. LASPPPA ló ń fúnni níwèé àṣẹ ìkọ́lé l'Ékòó, LASBCA ló ń ṣọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, mínísírì ìrìnnà ló yẹ kó yẹ ìwé mọ́tò yìí wò. Ẹ kọ lẹ́tà kan náà sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kẹ́ ẹ gba sítáńpù pé wọ́n rí i gbà. Lẹ́tà tó bá ní "a ò fẹ́" nìkan, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ sínú fáìlì. Èyí tó bá ní "August lẹ kà á, ilé ìwé ò wọlé, ẹ ò ka Sátidé, ẹ ò kọ gígùn ìlà", ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá èsì ẹ̀.

Ohunkóhun tí wọ́n bá sì gbà pẹ̀lú yín, ẹ jẹ́ kó wọ inú ìwé àṣẹ yẹn gan-an. Géètì tó wọnú tó fi jẹ́ pé mọ́tò 20 lè tò sínú ọgbà wọn kí sẹ́kúríìtì tó dá wọn dúró, ẹ kọ ọ́. Àyè kọ̀rópè, ẹ kọ ọ́. Lọ́rì ọjà àti tánkà dísẹ́ẹ̀lì kó máa wá láàárín aago 10 alẹ́ sí 6 àárọ̀, ẹ kọ ọ́. Ìlérí orí mítìn, ẹni tó bá ra ilé náà lọ́wọ́ wọn lọ́la ò sí níbẹ̀.

* * *

Ó dáa, akọ̀wé, mo ti rí tẹ́ẹ̀sì yín, ẹ ní àwọn lándílọ́ọ̀dù gbà ká ka tiwa. Ilé ìwé ti wọlé, ẹ jẹ́ ká ṣe é Thursday yìí, 6:30 sí 9:30 àárọ̀, ká tún ṣe Sátidé láti aago 12 ọ̀sán sí 6. Èèyàn mẹ́fà ti tó. Méjì ní oríta Ogunlana, méjì níwájú ilẹ̀ tí wọ́n rà, ẹnì kan ní bọ́sítọ́ọ̀pù kó máa kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí dáńfó kọ̀ọ̀kan fi ń dúró. Ẹnì kẹfà, ẹ fún mi ní ọmọ tó lè fara balẹ̀, kó dúró síwájú géètì ilé ìwé, ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 kó rìn láti ibi iná dé ẹ̀yìn mọ́tò tó kẹ́yìn lórí ìlà, kó ka iye wọn. Kó fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀ kí aago lè hàn.

Ẹ wá àga àti agboòrùn. Mo máa mú nǹkan ìkàmọ́tò onírin tèmi wá, méjì ni mo ní, ọ̀kan ti ń há díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ṣì ń kà.